Kí O Tó Lọ Búra ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Fẹ́sítáàkì,
Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin,
Èkó.

Àkànní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀ọ́, wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè ọ́ ní Ọnọ́rébù kí o tó tú u. Mo ti wá sílé rẹ ní Ìkẹjà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì bá èrò tó kún pálọ̀ rẹ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo wá gbẹ̀yìn, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló dìde fún mi lórí àga, ó ní, "Màmá Ọnọ́rébù, ẹ jókòó," bí ẹni pé òun ló ni ilé. Mo jókòó, mo mu omi. O yọjú láti inú yàrá, o dọ̀bálẹ̀ kí mi, o sì tún padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró dè ọ́. Mo gbé báàgì mi, mo wá sílé láìsọ ohun tí mo bá wá. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Inú mi dùn sí ohun tí Ọlọ́run ṣe. Má ṣe rò pé inú mi ò dùn. Nígbà tí rédíò pe orúkọ rẹ, gbogbo ilé wa ló tú síta. Àlàájà tó ń ta prófíṣọ̀n nísàlẹ̀ gbé kéréètì mínírà jáde fún àwọn ọmọdé, àwọn tí a kì í kí ara wa lórí àtẹ̀gùn ń dì mọ́ mi. Mo jó díẹ̀, mo sì wọlé. Obìnrin tó ti fẹ́ olóṣèlú rí, tó tún wá bí olóṣèlú, kì í jó pẹ́.

Gbólóhùn kan tí o sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí o wá dúpẹ́, ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo bi ọ́ pé, "Àkànní, ṣé o ti dé ilé Ràímì?"

O ní, "Màmá, mo ti fi ìrẹsì àti aṣọ ránṣẹ́ sí wọn."

Mo ní, "Mi ò bèèrè ìrẹsì. Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti débẹ̀?"

O wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. O ní, "Màmá, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò rán an níṣẹ́ ìjà."

"Mi ò rán an." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, Àkànní, lẹ́nu bàbá rẹ. Mo mọ ibi tó gbé e dé. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n tán, torí pé èmi àti bàbá rẹ kò sọ ọ́ tán fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí o tó lọ gbé ọwọ́ lé Bíbélì.

Bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Tíṣà ni. Agbára káká ni wàá fi rí agbolé kan nílùú wọn tí kò kọ́ ọmọ ibẹ̀ ní á-bí-dí. Nígbà tí àwọn àgbà ìlú kọ́kọ́ wá bá a pé kó lọ ṣojú àwọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ó kọ̀. Wọ́n padà wá, wọ́n sì mú ọba dání. Ó gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dára, mi ò ní purọ́. Àwọn aboyún ìlú wọn máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ bímọ sí ìlú kejì, àwọn mìíràn a sì bímọ sójú ọ̀nà. Bàbá rẹ ló jà títí wọ́n fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, àwọn obìnrin a máa súre fún un láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí ìdìbò kejì ń bọ̀, alátakò rẹ̀ lágbára. Ọkùnrin kan wá láti oríkò ẹgbẹ́, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, gírámà kì í wọlé ìbò. Ẹ wá àwọn ọmọkùnrin." Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin fi ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ìwé ò gbè, tí oko ò sì wù. Ó mọ gbogbo wọn lórúkọ. Sùnmọ́lá ni olórí wọn, ọmọkùnrin gíga kan tó máa ń bá mi pọn omi. Èmi ni mo ń rokà fún wọn. Bọ̀dá Láńre, àbúrò bàbá rẹ, a sì máa bá wọn jẹun nínú àwo kan náà, torí pé ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra.

Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ sílé bàbá arúgbó kan tó ń hun aṣọ. Ẹ̀ṣẹ̀ bàbá náà ni pé àwòrán alátakò wà lára ògiri rẹ̀. Wọ́n fọ́ òfì rẹ̀, wọ́n sì dá a lápá. Ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n gbé e wá, torí pé kò sí nọ́ọ̀sì mìíràn nítòsí. Mo fi igi to apá náà, mo dì í. Kò bú mi. Kò ké. Ó kàn ń wo àjà. Mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ. Ó gbé ìwé ìròyìn tó ń kà sílẹ̀, ó ní, "Mi ò rán wọn."

Mo ní, "Ṣé ẹ máa lọ kí bàbá yẹn?"

Ó ní, "Bí mo bá lọ, wọ́n á ní èmi ni mo rán wọn."

Kò lọ. Ìdìbò dé, ó wọlé. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ pín sí méjì ní Ìbàdàn. Àwọn tí ìjọba wà lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ sí i pé kó sọdá wá, àwọn á fi í jẹ igbákejì mínísítà. Ó sọdá. Ó sọ fún mi pé nítorí ọ̀nà ìlú ni, pé ìjọba kì í da ọ̀dà sójú ọ̀nà ìlú alátakò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ wálé wá sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu rédíò ni àwọn àgbà tó bẹ̀ ẹ́ wọ òṣèlú ti gbọ́. Nígbà tó fi mọ́tò tuntun wọ ìlú lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó juwọ́ sí i. Àwọn obìnrin tó ń súre láti ojú fèrèsé, wọ́n pa fèrèsé dé.

Àwọn ọmọkùnrin wa ò sì sọdá. O ò lè fi ìkórìíra bọ́ èèyàn lónìí, kí o wá ní kó gbàgbé adùn rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá. O wà nílé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé iná bá Bọ̀dá Láńre lójú oorun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láńre ò sùn. Nígbà tí a gbọ́ ariwo wọn, tí a sì rí agolo pẹtiróòlù lọ́wọ́ wọn, bàbá rẹ ṣí fèrèsé òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń pè wọ́n ní kíláàsì. "Àyìnlá. Délé. Sùnmọ́lá." Ariwo rọlẹ̀. Sùnmọ́lá dáhùn, ó tilẹ̀ ní "Sà." Ó wá ní, "Tíṣà, ẹ mú ìyàwó yín, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ. A ò fẹ́ pa yín. Ilé yìí la fẹ́."

A gba ẹ̀yìnkùlé. Láńre ò tẹ̀lé wa. Ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀, pé òun mọ̀ wọ́n, pé àwọn jọ ń jẹun ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa ti wà láàárín wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn. Wọn ò mọ Láńre. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó jáde látinú ilé olóṣèlú, wọ́n da pẹtiróòlù sí i lára. Mo gbọ́ Sùnmọ́lá tó ń kígbe, "Láńre nìyẹn! Ẹ má ṣe é, Láńre nìyẹn!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ti kọjá agbára òun náà, bí òun ṣe kọjá agbára bàbá rẹ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ẹni tí ìtọ́jú ṣì lè ran lọ́wọ́ àti ẹni tí kò lè ràn mọ́. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà, bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú, mo sì mọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti rí ilé tó jó. Kò sí ẹwà kankan níbẹ̀.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. A wá sí Mushin, sínú yàrá kan. Àwọn sójà gba ìjọba, ilé aṣòfin sì tú ká. Bàbá rẹ lọ wá iṣẹ́ tíṣà. Ó wọ kóòtù, ó gé irun. Níbi tó lọ, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n fún un ní àga, wọn ò fún un ní kíláàsì. Ó jókòó sójú fèrèsé wa títí ó fi kú. O wà níbi ìsìnkú rẹ̀, o rí bí a ṣe kéré tó. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé a ránṣẹ́ sílùú pé a fẹ́ gbé e wálé. Wọ́n fèsì pé àwọn ò ní dí wa lọ́nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi sin ín sí Èkó.

Ní ìgbà tí àìsàn rẹ̀ le, ó ní, "Bí mo bá dìde, mo fẹ́ lọ kí bàbá tó ń hun aṣọ yẹn." Mo ní bàbá ti kú. Ó ní òun mọ̀.

Àkànní, jẹ́ kí n wá sọ ti Ràímì bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n, torí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bu omi là á fún ọ. Ràímì káfíńtà ni, ẹ̀bá ọjà Àgbójú ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì. Òun ló kan pèpéle tí o dúró lé lórí lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn tiyín àti àwọn tọ̀hún pàdé lójú ọ̀nà Òjó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta, Ràímì kì í ṣe ẹni tó mú igi dání. Ó lọ kó àwọn àga rẹ̀ kúrò lọ́nà ni, àdá sì bá a lọ́rùn, ó kú. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi nìyẹn, ohun tí àwọn aládùúgbò náà sọ fún mi nìyẹn. Òótọ́ ni pé o ò rán an. Ṣùgbọ́n ta ló kó àwọn tó ń sọ òkúta jọ? Ta ló ń bọ́ wọn?

Mo ti lọ kí ìdílé rẹ̀. Òjò rọ̀ mọ́ mi lọ́nà. Sàlámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí ẹní nínú yàrá tí omi ti ń jò. Àpò ìrẹsì rẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé e dé náà ló wà, kò tú u. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ mi ò bèèrè ìrẹsì. Ó ní bí Ọnọ́rébù bá wọlé, òun á mú un wá wo bí ẹ̀kún omi ṣe ń wọlé bá wa." Mo bá a ká aṣọ tó tutù.

Àbúrò Ràímì wọlé nígbà tí mo wà níbẹ̀. Kò kí mi dáadáa. Ó ní bí àwọn bá ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn máa lọ sí ilé ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n òun, ìyẹn lọ́hùn-ún ní àdúgbò Satellite. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni tó pa á?" Ó ní, "A mọ ẹgbẹ́ tó wà." Mo ní, "Ta ló ń bá ọ lọ?" Ó ní, "Àwọn ọmọ Ọnọ́rébù." Wọ́n ń lo orúkọ rẹ, Àkànní. Bóyá wọ́n sọ fún ọ o, bóyá wọn ò sọ.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò tíì bà mí báyìí láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ní láti sọ. Àkọ́kọ́, tú àwọn ọmọkùnrin yẹn ká. Má ṣe sọ pé wọ́n á ràn ọ́ lọ́wọ́ nígbà ìdìbò mìíràn. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Wá iṣẹ́ fún àwọn tí o bá lè wá a fún, kí o sì sọ òótọ́ fún àwọn tí o ò lè wá a fún. Inú wọn á bí. Jẹ́ kó bí wọn sí ọ nísinsìnyí tí wọn ò tíì gbójú.

Èkejì, bí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀ lórúkọ rẹ, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ síbẹ̀. Kí wọ́n bú ọ níbẹ̀ sàn ju kí wọ́n máa yìn ọ́ ní pálọ̀.

Fẹ́sítáàkì tí mo ń gbé yìí, kì í ṣe orí ahoro ni ìjọba kọ́ ọ sí. Obìnrin ará Àmúwò kan wà tó máa ń gbé ẹja yíyan wá bá mi lókè. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní, "Oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi nìyẹn." Ó wí i bí ẹni tó ń fi ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ hàn mí, ó sì bá ẹja rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn, bá dé iwájú yín nílé aṣòfin, má ṣe bá àwọn aṣòfin tó kù sùn lórí àga. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó rán ọ, ẹrú kọ́ ni wọ́n.

Má ta ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí o kọ́ ni tìrẹ, àga yẹn kì í ṣe tìrẹ. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Bàbá rẹ rò pé ìwé Tíṣà òun á máa dúró de òun, kò dúró.

Bí ẹgbẹ́ bá wá bà jẹ́ tí o fẹ́ fi í sílẹ̀, wá dúró ní Àgbójú kí o sọ ọ́ lójú àwọn tó dìbò fún ọ kí rédíò tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí o má lọ, má lọ. Bí o kò bá lè fara dà á, kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí o wálé. A ò ní kú.

Àti Bùnmi, ìyàwó rẹ. Mo rí i nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ tí mo wá sílé yín, ó ń bu oúnjẹ fún àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Ojú rẹ̀ rí bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mo ń rokà fún àwọn ọmọkùnrin bàbá rẹ. Bi í léèrè ohun tó ń rí. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ máa ń gbọ́ ohun tí olórí ilé kì í gbọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn tó yí ọ ká á sọ fún ọ pé bí o bá lọ sílé Ràímì, àwọn alátakò á ní o ti gbà pé ẹ̀bi rẹ ni. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó mọ́gbọ́n dání. Òun ló sin bàbá rẹ sí ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo padà lọ bá Sàlámọ̀tù lánàá. Mo sọ fún un pé wàá wà níbi àdúrà lọ́jọ́ Àìkú, pé ìwọ nìkan lo máa wá, láìsí ọmọkùnrin kankan lẹ́yìn rẹ, pé wàá jókòó sórí ẹní bí gbogbo èèyàn, àti pé bí wọ́n bá ṣàdúrà tán, wàá sọ ọ́ lójú àbúrò ọkọ rẹ̀ àti lójú àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ rẹ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ sí Satellite. Mi ò bi ọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti kọjá àyè mi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Màmá, ṣé ó máa wá lóòótọ́?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Ó máa wá."

Ó ní òun á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ,
Abẹ̀kẹ́.